Ohun Kékeré Inú Bàálù Ogun: Òróró, Wáṣà, Tánkì àti Ẹ̀mí Awakọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Tí wọ́n bá ń sọ̀tàn àwọn tó fi bàálù jà nínú Ogun Àgbáyé méjèèjì, iye bàálù ọ̀tá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan já lulẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà. Manfred von Richthofen ará Jámánì já 80, James McCudden ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já 57. Iye yẹn dáa láti mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí wọ́n ṣe rí i ṣe fún wa, kò sì sọ ohun tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo bá wá síwájú yín lónìí ni pé ohun kékeré ló máa ń pinnu ìjà ojú ọ̀run: òróró inú páìpù, àtẹ̀ tó so pákó apá bàálù pọ̀, wáṣà idẹ tí kò tóbi ju èékánná lọ, tánkì tí awakọ̀ kọ́kọ́ lo epo inú rẹ̀. Ẹni tó bá kóyán àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré, kò dìgbà tí ọ̀tá bá rí i kó tó kú.

Ẹ jẹ́ ká ti orí McCudden bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, kó tó di awakọ̀. Nígbà tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kò ṣíwọ́ bíbójú tó ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàálù SE5a ló ń wà. Bàálù Jámánì kan wà tí wọ́n ń pè ní Rumpler, tó máa ń lọ ya fọ́tò láti ibi tó ga tó 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, SE5a kì í sábà lè bá a lókè yẹn. McCudden ní kí wọ́n fi písítìnnì mìíràn sínú ẹ́ńjìnnì òun, èyí tó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára ẹ́ńjìnnì náà lé sí i, ó sì ń bá Rumpler níbi tó fara pa mọ́ sí. Síbẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá ló kú sí. Ní July 9, 1918, bó ṣe gbéra ní pápá Auxi-le-Château ní Faransé ni ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, bàálù náà sì já sínú igbó tó wà nítòsí. Ọmọ ọdún 23 ni.

Ìbọn tó ń gba àárín abẹ̀bẹ̀ kọjá

Awakọ̀ bàálù oníjà sábà máa ń dá nìkan wà. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún un láti ta ọta ni pé kó kọjú bàálù fúnra rẹ̀ sí ọ̀tá, kó wá yìnbọn síwájú gan-an. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ onígi tó ń fa bàálù ń yí lọ́wọ́ níwájú yẹn. Tí ọta bá bà á, ó ti ṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé ìbọn Lewis sórí apá òkè, kí ọta lè gba orí abẹ̀bẹ̀ kọjá. Inú agolo rìbìtì kan tó ń jókòó lórí ìbọn náà ni ọta ń wà, 47 péré nínú ẹyọ kan. Tó bá tán, awakọ̀ á dìde dúró nínú afẹ́fẹ́, á fi orúnkún há ọ̀pá ìdarí, á wá fi ọwọ́ méjèèjì yọ agolo náà kó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni Louis Strange, awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ní May 10, 1915, nínú bàálù Martinsyde kan. Agolo ò yọ. Bó ṣe ń fà á, bàálù dojú dé, òun fúnra rẹ̀ sì jábọ́ kúrò lórí àga. Ó wá ń fì dìrọ̀dìrọ̀ lára agolo kan náà tó ti ń fẹ́ kó yọ láti ẹ̀ẹ̀kan, ó ń gbàdúrà pé kó má yọ. Ó ń ju ẹsẹ̀ títí ẹsẹ̀ náà fi wọlé padà, tó fi rí ọ̀pá ìdarí gbá, tí bàálù sì yí padà. Àga àti àwọn aago tó wà níwájú rẹ̀ fọ́ yángá, ṣùgbọ́n ó délé.

Ní oṣù April ọdún yẹn kan náà, Roland Garros, ọmọ Faransé, ti lo ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí wọ́n de irin onígun mọ́ ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ bàálù Morane rẹ̀, níbi tí ọta lè bà. Ọ̀pọ̀ ọta á gba àárín kọjá, èyí tó bá ba irin náà á tàkìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ọta bá gbá irin yẹn, abẹ̀bẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ni ìgbá náà ń wọ̀ lára. Ní April 18, 1915, Garros balẹ̀ sí ilẹ̀ tí àwọn Jámánì dì mú, bàálù náà sì bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Iléeṣẹ́ Anthony Fokker, tó ń ṣe bàálù fún Jámánì, ò fara wé e. Kámù ni wọ́n lò, ìyẹn irin rìbìtì tó ní kókó lára, tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ńṣe ni irinṣẹ́ náà ń dá ìbọn dúró nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń yìnbọn. Ohun tí awakọ̀ ń ṣe ni pé kó tẹ ohun kan tó so ìbọn pọ̀ mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí kókó kámù bá ti ọ̀pá yẹn ni ìbọn á yin ọta kan, wọ́n sì ti to kámù náà kó má ti ọ̀pá àfi nígbà tí iwájú bá ṣófo. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ka méjì tó ń yí ní ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ka rẹ̀ ń kọjá níwájú ìbọn ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín ìkọjá kan sí èkejì ni ọta gbọ́dọ̀ gbà.

Tí ọ̀pá yẹn bá jẹ díẹ̀, tàbí tí òtútù òkè bá sún un kì, àkókò á yẹ̀. Ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ bá rin, tó lọ́ra kó tó dún, á bá abẹ̀bẹ̀ pàdé. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ tó gbọ́n fi máa ń yẹ ọta rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra, tó ń yọ èyí tó bá wọ́ tàbí tó wú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Max Immelmann, ọ̀kan nínú àwọn akọni Jámánì àkọ́kọ́, kú ní June 18, 1916. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní bàálù àwọn ló yìn ín lulẹ̀. Àwọn Jámánì ní ìbọn rẹ̀ ló gé abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì wá gbọ̀n títí tí bàálù fi já sí méjì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ojútùú tiwọn ní 1917 lọ́wọ́ George Constantinesco, ọmọ ilẹ̀ Romania. Dípò ọ̀pá irin, páìpù tó kún fún òróró ló lò. Ẹ́ńjìnnì á gbá òróró náà lápá kan, ìgbá náà á sáré gba inú páìpù dé ara ìbọn. Kò sí ọ̀pá tó máa jẹ, ó sì ṣeé so mọ́ ẹ́ńjìnnì èyíkéyìí. Wàhálà tirẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí mẹkáníìkì tó ń tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù búrẹ́ékì mọ ohun tí mò ń sọ: bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wọ òróró, ẹsẹ̀ á kàn rì lórí búrẹ́ékì lásán ni. Nítorí náà ọwọ́ ìfà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tó fi ń pọ́ǹpù agbára sínú páìpù náà. Ẹni tó bá gbàgbé láti fà á kó tó wọ ìjà, ìbọn rẹ̀ ò ní dún.

Òróró lárà àti ẹ́ńjìnnì tó ń yí lódindi

Bàálù Sopwith Camel ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dára jù láti fi ṣàlàyé bí ohun tó ń gba awakọ̀ là ṣe lè pa á. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irin àárín tí písítìnnì so mọ́ dúró gbọnin sára bàálù, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, sìlíńdà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lódindi, ń bá abẹ̀bẹ̀ yí. Ìyíyí yìí ló ń mú kí atẹ́gùn tù wọ́n lára, kò nílò omi. Ó fúyẹ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀ fún ìwọ̀n rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, epo pẹtiróòlù ń gba inú ikùn ẹ́ńjìnnì kọjá kó tó dé sìlíńdà. Òróró ẹ́ńjìnnì lásán á yọ́ mọ́ pẹtiróòlù, irin á sì máa ha irin. Òróró lárà kì í yọ́ mọ́ pẹtiróòlù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó. Kò sí pé ó ń lọ ó ń bọ̀. Bó ṣe ń wọlé lápá kan ló ń fọ́n jáde lápá kejì, tó ń ta sí awakọ̀ lójú, tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu àti nímú. Ẹni tó bá ti mu òróró lárà nílé rí mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ikùn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló fi inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru parí iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Ohun wíwúwo tó ń yí kì í fẹ́ kí wọ́n yí òun sápá ibòmíràn. Ẹ́ńjìnnì, ìbọn Vickers méjì, tánkì àti awakọ̀, iwájú Camel ni gbogbo wọn há mọ́ra sí. Bí awakọ̀ bá yí sí ọ̀tún, ó máa ń yára gan-an, imú bàálù á sì fẹ́ tẹ̀ sílẹ̀. Bó bá yí sí òsì, á lọ́ra, imú á sì fẹ́ gbé sókè. Akọni tó mọ̀ ọ́n fi yíyí ọ̀tún yẹn pa ọ̀tá. Ọmọ ẹ̀kọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n, tó yí sí ọ̀tún nítòsí ilẹ̀, á rí i pé bàálù ti ń pòòyì já bọ́.

Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ló burú jù. Epo kún tánkì, èyí sì ń mú kí ẹ̀yìn bàálù wúwo. Ọwọ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń dín epo kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa mu ún jù. Tí awakọ̀ ò bá dín in kù lásìkò tó yẹ, ẹ́ńjìnnì á há, á kú lójijì, bàálù á sì já bọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi tó yẹ. Iye tí wọ́n sábà ń kọ sílẹ̀ ni pé awakọ̀ Camel 413 kú sójú ìjà, 385 sì kú sí ìjàm̀bá tí ọ̀tá ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀gá kò sì fún wọn ní páráṣúùtì kankan títí ogun fi parí. Àwọn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fún tiwọn ní 1918. Ernst Udet fi bọ́ ní June 29 ọdún yẹn, ó sì padà sójú ìjà.

Ti apá bàálù ò gbà wá lákòókò púpọ̀, ṣùgbọ́n a ò lè fò ó. Apá ìsàlẹ̀ bàálù Jámánì kan, Albatros D.III, tẹ́ẹ́rẹ́, igi kan ṣoṣo ló sì gbé e ró. Bí bàálù bá ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, apá náà á lọ́, á gbọ̀n, á sán. Ó sán mọ́ Richthofen fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ní January 24, 1917, orí ló sì yọ ọ́ tó fi balẹ̀. Fokker Dr.I alápá mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀, nǹkan bí 20 péré nínú 80 tó já ló fi já. Bàálù yẹn náà ní àbùkù: ní òpin October 1917, apá òkè ti Heinrich Gontermann tú lójú ọ̀run, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n tú àwọn tó kù wò, wọ́n rí i pé àtẹ̀ kò mú dáadáa, pé wọn ò kun inú apá, pé omi ti rin pákó. Wọ́n dá gbogbo wọn dúró títí wọ́n fi tún un ṣe.

Wáṣà Beatrice Shilling

Ó di Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ́ńjìnnì Merlin ló wà nínú Spitfire àti Hurricane, bàálù oníjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ti tú kabúrétọ̀ mọ́tò àtijọ́ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ rí á tètè lóye ibí yìí. Ìkòkò kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Fúlóòtì kan léfòó lórí epo náà. Bí epo bá lọ sílẹ̀, fúlóòtì á sọ̀ kalẹ̀, abẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn á ṣí ihò kí epo wọlé. Bó bá kún, fúlóòtì á gòkè, abẹ́rẹ́ á dí ihò náà. Gbogbo rẹ̀ dá lórí pé epo máa ń wà nísàlẹ̀.

Bí awakọ̀ Spitfire bá wá ti ọ̀pá ìdarí síwájú lójijì, ara òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ fò kúrò lórí àga. Epo inú kabúrétọ̀ náà á fò lọ sí òkè ìkòkò. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu epo kò rí nǹkan kan fà mọ́, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ díẹ̀. Èyí ò tíì burú. Fúlóòtì ti dojú rú, abẹ́rẹ́ ti ṣí ihò sílẹ̀ gbayawu, pọ́ǹpù sì ń da epo wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bí bàálù bá ti tọ́ padà, ìkún epo ni ẹ́ńjìnnì máa bá pàdé: èéfín dúdú á rú, ẹ́ńjìnnì á sì fún mọ́ epo. Àwọn Jámánì tó wà nínú Messerschmitt 109 ò ní ìṣòro yìí, torí pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì tiwọn ń fún epo tààrà sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí Spitfire bá wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á kàn tẹ imú sílẹ̀, wọ́n á sá lọ. Awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn ní láti kọ́kọ́ yí bàálù dé kó tó fà á wálẹ̀, kí epo lè dúró níbi tó yẹ. Kó tó yí dé, ọ̀tá ti jìnnà.

Obìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ ìwádìí bàálù tó wà ní Farnborough, Beatrice Shilling, ló rí ọ̀nà sí i. Ó ṣírò iye epo gan-an tí ẹ́ńjìnnì ń mu nígbà tó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Ó wá ṣe idẹ kékeré kan tó ní ihò láàárín, ihò tó gba iye epo yẹn tí kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó di wáṣà pẹlẹbẹ. Inú páìpù epo ni wọ́n ń fi sí, kó tó dé kabúrétọ̀. Kò mú ìdákẹ́ àkọ́kọ́ kúrò, ìkún epo ni kò jẹ́ kó wáyé mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni pé kò gba kí wọ́n gbé bàálù kankan lọ sí iléeṣẹ́: orí pápá níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, òun àti ìwọ̀nba ènìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti pápá dé pápá. Ẹni tó ń fi alùpùpù díje ní Brooklands ṣáájú ogun ni, kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn.

Ìbọn, iná àti èémí

Ìbọn Browning mẹ́jọ ló wà nínú apá Spitfire àkọ́kọ́, ọta 300 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbọn kan ń yin nǹkan bí 1,150 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí 16, gbogbo rẹ̀ ti tán. Nítorí pé inú apá ni ìbọn wà, wọ́n ní láti yí ẹnu wọn díẹ̀ sí ara wọn kí ọta lè pàdé níbì kan níwájú. Wọ́n á gbé ìrù bàálù sókè títí tó fi rí bó ṣe ń rí lójú ọ̀run, wọ́n á gbé pákó tí wọ́n ya àmì sí síwájú rẹ̀, wọ́n á wá máa wo inú ẹnu ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa yí bóòtù rẹ̀ títí tó fi dojú kọ àmì tirẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àṣẹ ni pé kí ọta pàdé ní 400 yáàdì. Àwọn tó ń jà níwájú, Adolph Malan pẹ̀lú wọn, rí i pé ó jìnnà jù. Wọ́n sún un dé 250. Lókè téńté, omi tó bá wọ ìbọn á di yìnyín, gírísì á sì le. Aṣọ pupa pélébé ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò ìbọn kí atẹ́gùn tútù má wọlé. Bí bàálù bá ń bọ̀ tí ihò náà ń súfèé, àwọn tó wà nílẹ̀ ti mọ̀ pé aṣọ ti ya, wọ́n á ti máa gbé àpótí ọta bọ̀.

Hurricane lágbára, ó rọrùn láti tún ṣe, àmọ́ tánkì epo kan tó gba gálọ́ọ̀nù 28 wà níwájú awakọ̀, ní ìkọjá pátákó aago. Bí ọta bá gba ibẹ̀, ojú àti ọwọ́ ni iná kọ́kọ́ ń jẹ. Ohun tó ń gba tánkì là ni rọ́bà tútù: ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rọ́bà mọ̀ pé pẹtiróòlù ń mú un wú. Wọ́n á fi rọ́bà bo tánkì. Bí ọta bá lu ihò, epo tó ń jáde á mú rọ́bà wú, á sì dí ihò náà fúnra rẹ̀. Tánkì inú apá Hurricane kọ́kọ́ ní irú ààbò yìí, tánkì iwájú awakọ̀ ò ní in, àfi lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti jóná. Ilé ìwòsàn East Grinstead ni dókítà Archibald McIndoe ti ń tún ojú wọn ṣe. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó já sínú òkun ń san ju àwọn tó já sórí ilẹ̀ lọ, ló bá ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ wọ́n.

Ti èémí: láti nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sókè, awakọ̀ nílò ọ́síjìn. Ewu rẹ̀ ni pé kì í dun ènìyàn. Inú awakọ̀ á máa dùn bí ẹni tó mẹmu yó, èékánná rẹ̀ á máa di àwọ̀ búlúù, òun á sì rò pé kò sí nǹkan kan. Èémí tó di yìnyín nínú páìpù ìbòmú nìkan tó láti pa á.

Bàálù Zero ti Japan ò ní tánkì tó ń dí ara rẹ̀, kò sì ní irin ààbò lẹ́yìn awakọ̀. Torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe fúyẹ́, tó sì ń rìn jìnnà. Ní June 4, 1942, ọta kan gé páìpù òróró Zero tí Tadayoshi Koga ń wà nítòsí Alaska. Ó fẹ́ balẹ̀ sí erékùṣù Akutan, ó rò pé koríko lásán ni, ó sọ táyà sílẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ló wà lábẹ́ koríko náà. Táyà rì, bàálù dojú dé, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ní July, àwọn ará Amẹ́ríkà rí bàálù náà, wọ́n tún un ṣe ní San Diego, wọ́n sì wà á. Wọ́n rí i pé bó bá ti ń sáré ju nǹkan bí 200 knot (bíi 370 kìlómítà ní wákàtí kan) lọ, ọ̀pá ìdarí rẹ̀ á le bí òkúta, ó tètè ń fì sí òsì ju ọ̀tún lọ, kabúrétọ̀ rẹ̀ sì ní irú àìsàn Merlin gẹ́ẹ́. Wọ́n kọ́ awakọ̀ wọn: bí Zero bá wà lẹ́yìn yín, ẹ tẹ imú sílẹ̀, ẹ sáré, kí ẹ fì sí ọ̀tún.

Tánkì wo la kọ́kọ́ lò?

Ní 1940, Messerschmitt 109 gbé epo 400 lítà péré. Tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù láti Faransé, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ló kù fún un kí iná pupa tó tàn. Ọ̀pọ̀ ló já sínú òkun nígbà tí wọ́n ń padà lọ, kì í ṣe ọta ló pa wọ́n, epo ló tán.

P-51 Mustang ti Amẹ́ríkà yanjú èyí, ó sì gba kí awakọ̀ mọ ìṣirò. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 184 wà nínú apá méjèèjì, 85 wà lẹ́yìn àga awakọ̀, tánkì méjì àfijù-sílẹ̀ sì ń rọ̀ lábẹ́ apá. Tánkì apá òsì ni wọ́n fi ń gbéra, torí kabúrétọ̀ ń dá epo díẹ̀ padà sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ lo òmíràn nígbà tí òsì ṣì kún, epo tó ń padà yẹn á ṣòfò sójú ọ̀run. Bí wọ́n bá ti gòkè, tánkì ẹ̀yìn ló kàn, títí á fi ku nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 30. Nígbà tó bá kún, ìdí bàálù wúwo: bí awakọ̀ bá fà á láti yí, bàálù fúnra rẹ̀ á máa yí kankan sí i, awakọ̀ ní láti máa tì í padà kó má bàa ya. Kò sí ẹni tó lè fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni tánkì abẹ́ apá, kan lẹ́yìn kan. Bí ọ̀tá bá yọ, awakọ̀ á kọ́kọ́ yí ẹnu epo padà sí tánkì inú, kó tó jù wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá jù wọ́n kó tó yí i, ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ ọn lójú ọ̀tá. Bébà líle tí wọ́n fi àtẹ̀ mú ni wọ́n fi ṣe àwọn kan nínú tánkì wọ̀nyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í bu epo sí i títí á fi kù díẹ̀ kí wọ́n gbéra, torí bí epo bá pẹ́ nínú rẹ̀, á jẹ àtẹ̀ náà. Ní March 1944, Mustang ń sin bàálù ajùbọ́ǹbù dé Berlin.

Mustang yìí náà ni àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, kun ìrù rẹ̀ ní pupa. Benjamin O. Davis Jr. ni ọ̀gá wọn. Ní March 24, 1945, wọ́n ti Ítálì sin àwọn ajùbọ́ǹbù dé Berlin, wọ́n sì já bàálù Jámánì tí kò ní abẹ̀bẹ̀, Me 262, mẹ́ta lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò gbà kí adúláwọ̀ di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú títí di October 1939. Ọmọ Èkó, Emanuel Peter John Adeniyi Thomas, ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ àti ọ̀gá níbẹ̀, ní 1942. Ìjàm̀bá bàálù ló pa á ní January 1945, oṣù díẹ̀ kí ogun tó parí ní Yúróòpù. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ orúkọ rẹ̀.

Ojú ọ̀run Èkó náà rí ogun yìí. Nígbà tí Ítálì wọ ìjà ní June 1940, ọ̀nà òkun tó lọ sí Íjíbítì di eléwu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó Hurricane àti bàálù ajùbọ́ǹbù Blenheim wá sí Takoradi, ní Gánà òde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú àpótí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń so apá mọ́ ara, tí wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì wò, tí wọ́n ń yẹ kọ́ńpáàsì wò. Ní September 20, 1940, Blenheim kan àti Hurricane mẹ́fà kọ́kọ́ gbéra. Wọ́n gba Èkó, Kano, Maiduguri, El Geneina àti Khartoum, títí dé Abu Sueir ní Íjíbítì, nǹkan bí 6,000 kìlómítà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló tẹ̀ lé wọn kí ogun tó parí.

Eruku ni ọ̀tá ojú ọ̀nà yẹn. Iyanrìn tó bá wọ Merlin á máa ha ara sìlíńdà, òróró á máa jóná, agbára á sì máa dínkù. Fílítà ńlá kan ni wọ́n fi sábẹ́ imú bàálù tó bá ń lọ sí ilẹ̀ gbígbóná. Ó ń gba eruku, ó sì ń gba díẹ̀ nínú eré bàálù náà pẹ̀lú rẹ̀. Ti ọyẹ́ tún yàtọ̀. Awakọ̀ Hurricane dá wà, kò sí ẹni tó ń wo máàpù fún un. Blenheim tó wà níwájú ló ní ẹni tó mọ ọ̀nà. Nínú ìkùukùu ọyẹ́ láàárín Kano àti Maiduguri, gbogbo iṣẹ́ awakọ̀ Hurricane ni pé kó má ṣe gbé ojú kúrò lára apá Blenheim yẹn, kó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo aago epo rẹ̀.